Igbó Tí Kò Sí Ẹni Tó Mọ̀ Ọ́n: Ìdí Tí Ìlọ́fà Fi Nílò Ilé-Ẹ̀kọ́ Àyíká

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Koro ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n sì ṣekú pa Olúkoro, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, irú wọn tún ya wọ ilé ìjọsìn kan ní Eruku, nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn wọ igbó lọ kí wọ́n tó rí ìdáǹdè lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kò lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nígbà náà, bí ọ̀rọ̀ náà "igbó" bá ti di ọ̀rọ̀ ìpayà láti Òsì dé Ìlọ́fà. Ibi tí bàbá ti ń gbin kòkó, tí ìyá ti ń ṣẹ́ igi ìdáná, tí ọdẹ ti ń dẹ ìgbẹ́ láti ìrandíran, ni àwọn ènìyàn ń wò tìfura-tìfura báyìí.

Ìjọba kò káwọ́ gbera. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí i pé kí a gba àwọn ẹ̀ṣọ́ tí yóò gbé ìbọn láti máa ṣọ́ igbó 1,129 tó wà káàkiri Nàìjíríà. Ìgbésẹ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kì í sábà jáde nínú ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ: ta ni ó mọ igbó náà tí yóò fi ọ̀nà han àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí? Ìbọn kì í mọ̀nà. Ẹni tí kò mọ ibi tí odò kì í ti í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ipasẹ̀ ẹtu àti ti ewúrẹ́, tí kò sì lè sọ ìdí tí àwọn ẹyẹ fi dákẹ́ lójijì, àlejò ni nínú igbó, ìbáà gbé ìbọn méjì kọ́ èjìká.

Ohun tí ó ń sọnù ní agbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ju ààbò lọ. Àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ igbó ni ó ń tán. Igbó tí àwọn onílé kò bá sì mọ̀ mọ́, àlejò a sọ ọ́ di ilé. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí Ìlọ́fà, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, di ibùdó ilé-ẹ̀kọ́ àyíká kan, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ yóò máa gbé, tí wọn yóò máa kọ́ iṣẹ́ mímọ igi, ẹranko, ẹyẹ, omi àti ilẹ̀, tí àwọn náà yóò sì máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó bá wá bẹ̀ wọ́n wò.

Irú ilé-ẹ̀kọ́ wo nìyẹn?

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ilé-ẹ̀kọ́ irú èyí kì í ṣe ohun tuntun. Kíláàsì kan láti ilé-ìwé yóò dé síbẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ wọn, wọn yóò sùn ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún. Àwọn tí yóò gbà wọ́n lálejò ni àwọn ọmọ-ìkọ́ṣẹ́: àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé, tí wọ́n ti wà nínú ọgbà náà fún oṣù mélòó kan, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ sì ń tọ́ wọn sọ́nà.

Iṣẹ́ ọmọ-ìkọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré. Kí oòrùn tó yọ, ó ti jí láti ka ẹyẹ. Kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ dárúkọ wọn. Ó ń kọ iye tí ó rí, ibi tí ó ti rí wọn àti ohun tí wọ́n ń jẹ sínú ìwé kan náà ní ojoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé bí ọdún bá yípo, ìwé náà yóò fi hàn bí ẹyẹ kan bá ti ń dín kù. Ó ń wọn omi òjò. Ó ń so nọ́ńbà mọ́ igi, ó sì ń wọn bí ìdí wọn ṣe ń tóbi sí i. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá kó ogún ọmọdé sẹ́yìn lọ sínú igbó, tí yóò sì wá ọ̀nà tí wọn yóò fi fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ti ń kà nínú ìwé lásán. Ẹni tí ó bá lè ṣe èyí fún ọdún kan ti di olùkọ́, ó ti di olùṣèwádìí, ó sì ti di olùṣọ́ igbó.

Àṣà ilẹ̀ yìí ni

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà òyìnbó ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yorùbá ti ń fi ọmọ sábẹ́ ọ̀gá kí ilé-ìwé tó dé. Ọmọ tí ó bá fẹ́ di ọdẹ kì í kọ́ ọ nínú ilé. Ọ̀dọ̀ ọdẹ ni yóò wà, yóò máa ru ẹrù rẹ̀, yóò máa bá a ṣọ́ òru lórí ẹ̀gùn, yóò sì máa gbọ́ ìjálá lẹ́nu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fetí sí ìjálá dáadáa mọ̀ pé kì í ṣe orin ìgbádùn nìkan. Oríkì ẹranko àti ti igi wà nínú rẹ̀, nínú oríkì wọ̀nyí sì ni ìmọ̀ nípa ìrìn ẹranko, oúnjẹ rẹ̀, igbe rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ wà. Nígbà tí S. A. Babalọlá tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní ọdún 1966, ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ìwé lítíréṣọ̀ nìkan. Ìwé ìmọ̀ nípa ẹ̀dá inú igbó ni pẹ̀lú.

Bí àpẹẹrẹ tó súnmọ́ ilé bá sì wu òǹkàwé, kí ó wo Òsì tó múlé gbe Ìlọ́fà. Àreògún ará Òsì wà lára àwọn agbẹ́gilére tí òkìkí wọn kàn jù ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, jogún iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1947, Fadá Kevin Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Bándélé sì di ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ kí ó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, tí ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Kò sí ìwé-ẹ̀rí kankan tó lè ṣe ohun tí gbígbé lọ́dọ̀ ọ̀gá àti wíwo ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ṣe. Ohun tí àdúgbò yìí ṣe fún igi gbígbẹ́, ó lè ṣe é fún igi tó ṣì dúró lórí gbòǹgbò rẹ̀.

Kí wá ni ó dé tí ìkọ́ṣẹ́ ọdẹ ń kú? Ọmọ ọdẹ ti lọ sí Ìlọrin tàbí Èkó, ẹran tí ọdẹ ń pa ti ṣọ̀wọ́n, òfin sì ti ka pípa àwọn mìíràn léèwọ̀. Láti ọdún 2016 ni àdéhùn àgbáyé ti fòfin de òwò akíka pátápátá láàárín orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ a ṣì ń gbá ìpẹ́ rẹ̀ mú ní ìwọ̀n tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù ní Nàìjíríà. Ọdẹ tí ó bá pa akíka kan jẹ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdẹ tí a bá ń san owó fún láti máa fi ihò akíka han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò jẹun lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ àyíká ti yàtọ̀ sí ìkọ́ṣẹ́ àtijọ́ nìyí: ìmọ̀ ọdẹ ni ó ń gbà, kì í ṣe ìbọn rẹ̀.

Àwọn tó ti ṣe é

Ní Nàìjíríà, àpẹẹrẹ tó yanrantí jù wà ní Laminga, lẹ́bàá ìlú Jos. Ibẹ̀ ni ilé ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis, tó wà lábẹ́ Yunifásítì Jos, tẹ̀dó sí nínú igbó Amurum ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè kejì níbẹ̀ ń gbé inú ọgbà náà. Wọ́n ń fi àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ mú ẹyẹ, wọ́n ń fi òrùka kékeré tó ní nọ́ńbà sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí wọ́n fò lọ, kí a lè mọ̀ wọ́n bí wọ́n bá tún padà wá. Gbogbo ayé mọ̀ pé ìlú Jos kò bọ́ lọ́wọ́ rògbòdìyàn ní àwọn ọdún wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ilé ìwádìí náà kò parẹ́.

Ìtàn ẹyẹ kan láti òkè Jos fi ohun tí irú ẹ̀kọ́ yìí lè ṣe hàn. Ẹyẹ kékeré dúdú kan wà níbẹ̀ tí kì í kọ́ ìtẹ́ tirẹ̀. Inú ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn ni ó ń yé ẹyin sí, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì kọ́ orin ẹyẹ tó tọ́ wọn dàgbà. Robert Payne, onímọ̀ ẹyẹ ará Amẹ́ríkà, tẹ́tí sí orin náà, ó sì rí i pé kì í ṣe orin ẹyẹ kankan tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀ rí. Ó ní láti jẹ́ pé alágbàtọ́ kan wà tí wọn kò tíì mọ̀. Ní ọdún 1998, ẹyẹ alágbàtọ́ náà gba orúkọ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì fún ìgbà àkọ́kọ́. Etí tí a ti kọ́ ni ó rí ohun tí ojú kò rí.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní tirẹ̀. Ní Ìbàdàn, ẹyẹ dúdú olórí pupa kan wà, ìbátan ẹ̀gà, tí John Elgood kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1958. Kò sí ibòmíràn ní gbogbo ayé tí a ti lè rí i àfi gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, igbó tó wà nínú ọgbà IITA sì wà lára àwọn ibi tí ó sá di. Ní Èkó, Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Ẹdú dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, ní ibùdó kan ní Lẹ́kkí láti ọdún 1990; ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé-ìwé ni ó ti fi ẹsẹ̀ wọn rìn nínú igbó kékeré náà láàárín ìlú ńlá.

Kwara fúnra rẹ̀ ti ní irú nǹkan yìí rí. Nígbà tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ẹranko igbó sílẹ̀ ní New Bussa ní ọdún 1978, ìpínlẹ̀ Kwara ni New Bussa wà. Ní ọdún 1991 ni wọ́n gé Borgu kúrò lára Kwara mọ́ ìpínlẹ̀ Niger, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì bá a lọ. Láti ìgbà náà, ọmọ Ìlọ́fà tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí ní láti rin ọ̀nà jíjìn, ní àgbègbè Káínjì tí òun náà ti di ibi tí àwọn agbébọn ń fara pamọ́ sí.

Kí ni ó wà ní Òkè-Ẹ̀rọ̀ láti kọ́?

Ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀. Agbègbè yìí wà ní ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, ibi tí ọ̀pẹ àti ìrókò ti ń wo èmí àti igbá lójú. Ilẹ̀ irú èyí, tí òkè àti àpáta yí ká, ni ibi tí ó dára jù láti fi han ọmọdé bí iná ọdọọdún àti oko ríro ṣe lè sọ igbó di pápá, àti bí pápá ṣe lè padà di igbó bí a bá fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ẹ wo igi igbá nìkan. Gbogbo ilé Yorùbá ni ó ń jẹ irú, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn mélòó ni ó mọ̀ pé àdán ni ó ń bá igi náà ṣiṣẹ́? Òdòdó igbá a máa rọ̀ bí bọ́ọ̀lù pupa, alẹ́ sì ni ó ń ṣí. Àdán a wá lá oje rẹ̀, a sì gbé àtíkè òdòdó kan lọ sórí òmíràn, kí igi tó lè so. Ìlú tí ó bá ń sọ òkò lu àdán nítorí pé ó rò pé ẹyẹ àjẹ́ ni, irú inú ọbẹ̀ rẹ̀ ni ó ń sọ òkò lù. Bákan náà ni àgbìgbò ń gbé èso igi jìnnà, tí igún sì ń palẹ̀ òkú ẹran mọ́ kí àrùn tó tàn kálẹ̀. Láti ọdún 2015 ni àjọ àgbáyé ti ka igún tí ojú wa mọ̀ jù mọ́ àwọn ẹ̀dá tó ti dé bèbè ìparun. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà ni ó gbọ́ orúkọ igún nínú òwe, tí kò fi ojú kàn án rí.

Lápá kejì, èédú ń jẹ igi run. Àyìn, apá àti èmí tí wọ́n ti dàgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ń gé lulẹ̀, tí a ń sun nínú iyẹ̀pẹ̀, tí a sì ń kó sínú àpò lọ sí ìlú ńlá. Ẹni tó ń sun èédú kì í ṣe ọ̀tá; ebi ni ó ń lé e. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò tí ó lè ka iye èmí tó kù, tí ó sì lè fi hàn pé òróró tí a óò rí lórí igi kan ní ọdún mẹ́wàá ju àpò èédú rẹ̀ lọ, kí ni a óò fi bá a jiyàn?

Àríyànjiyàn àwọn tó ń ṣiyèméjì

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ààbò. Òbí wo ni yóò gbà kí ọmọ rẹ̀ lọ sùn nínú igbó ní àsìkò yìí? Ìbéèrè tó tọ́ ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé kò yẹ kí ó jẹ́ inú igbó kìjikìji. Etí ìlú ni ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà, nínú ọgbà tí ó ní odi, lẹ́bàá ilé-ìwé tàbí ilé ìjọba, kí àwọn ọ̀dọ́ máa bẹ̀rẹ̀ ní ibi tó mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú pẹ̀lú àwọn ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́. Bí ọdún kan tàbí méjì bá sì jẹ́ èyí tí a kò lè kó ọmọdé sùn níbẹ̀, kí wọ́n máa wá ní ọ̀sán, kí àwọn ọmọ-ìkọ́ṣẹ́ nìkan máa gbé ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1943, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ṣì ń jó fòfò, ni olùbẹ̀wò ilé-ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Francis Butler, kó àwọn ènìyàn jọ láti dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Field Studies Council lónìí sílẹ̀. Wọn kò dúró de àlàáfíà kí wọ́n tó gbèrò. Nígbà tí àlàáfíà dé, ilé wọn àkọ́kọ́, ní Flatford Mill, ti ṣí ilẹ̀kùn ní ọdún 1946.

Èkejì ni owó. Àwọn ọmọ ìlú tó wà nílẹ̀ àti lókè òkun ti kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n ti tún ààfin ṣe, wọ́n sì ti gbẹ́ kànga ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò ní ná wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀: yàrá ìgbẹ̀kọ́ díẹ̀ tí a kò lò mọ́, ibùsùn fún ọmọ-ìkọ́ṣẹ́ mẹ́wàá, awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ìwé ìkọsílẹ̀, àti owó oṣù fún àwọn ọdẹ àti àwọn ìyá eléwé-ọmọ tí yóò máa kọ́ wọn. Yunifásítì Ìlọrin wà ní tòsí láti fi ìmọ̀ tirẹ̀ kún un, àwọn agùnbánirọ̀ tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó sì wà tí a ń rán lọ kọ́ni ní iṣẹ́ tí wọn kò kọ́.

Ẹ̀kẹta ni pé: iṣẹ́ wo ni yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Èyí ni ó gbọ́dọ̀ ká gbogbo ènìyàn lára jù, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí kò ní iṣẹ́ lẹ́yìn, ìtànjẹ ni. Ìjọba Kwara lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nípa ṣíṣe ohun kan: kí ó ya ipò sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó fún àwọn tó bá gba ìgbòmìnira ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí ó sì lo àwọn mìíràn gẹ́gẹ́ bí afinimọ̀nà ní ìṣàn omi Òwu àti ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀ṣìẹ́, tó ti wà láti ọdún 1945 gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ilé-ìwé girama náà nílò olùkọ́ báyọ́lọ́jì tí kì í kọ́ni láti inú ìwé nìkan.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀

Bí a bá fẹ́ kí ètò yìí dúró, ohun mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ yẹra fún. A kò gbọ́dọ̀ sọ ọmọ-ìkọ́ṣẹ́ di òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé ni a ti ń fi ìfẹ́ tí ọ̀dọ́ ní sí ẹ̀dá inú igbó rẹ́ ẹ jẹ, tí a ń fún un ní ibùsùn àti oúnjẹ, tí a kò sì fún un ní owó. Èyí kò ní jẹ́ kí ọmọ tálákà lè wọlé, ọmọ tálákà ni ó sì mọ igbó jù. A kò gbọ́dọ̀ sọ wọ́n di amí. Iṣẹ́ wọn ni ìmọ̀, bí ìmọ̀ náà bá sì ran ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́, nípasẹ̀ àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ó gbà, kí a má baà fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wewu. A kò sì gbọ́dọ̀ fi èdè Yorùbá sílẹ̀ lẹ́yìn odi. Orúkọ tí ọdẹ àti eléwé-ọmọ pe igi ni kí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ̀lé e. Orúkọ tí ó bá kú, ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ a bá a kú. Àwọn ọmọbìnrin náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn, nítorí pé ọwọ́ àwọn obìnrin ni ìmọ̀ nípa ewé, omi àti irú wà ní pàtàkì.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò jìnnà. Alága ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti ti Èkìtì, àwọn ọba alayé àgbègbè náà, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kọ̀ọ̀kan àti ilé iṣẹ́ ètò àyíká ní Ìlọrin lè jókòó sí yàrá kan ní ọjọ́ kan ṣoṣo láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ná wọn kì í ṣe owó. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọdẹ àgbà tó ṣì wà láàyè ní Ìlọ́fà, Òsì, Ìdọ́fin, Odò-Ọwá àti Koro sílẹ̀, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bóyá wọ́n ṣetán láti gba ọmọ-ìkọ́ṣẹ́ méjì. Àwọn bàbá wọ̀nyí kò kéré lọ́jọ́ orí mọ́. Bí a bá dúró de ìgbà tí ìnáwó yóò pé, ó ṣeé ṣe kí owó dé nígbà tí kò sí ọ̀gá mọ́.